Ọjọ́ tí Dádì Ìsàlẹ̀ Na Ọwọ́ Sórí Àpótí Iná

Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni mo fi lọ ata ní Kùjẹ́, kí orúnkún tó ní kí n lọ jókòó. Mi ò mọ ìwé kankan, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ẹ̀rọ. Kí wọ́n fi aṣọ di mí lójú, kí wọ́n tan ẹ̀rọ ata mẹ́ta, màá sọ èyí tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti dẹ̀, èyí tí òkúta rẹ̀ ti jẹ, àti èyí tí ẹni tó ni ín ń ṣahun epo sí. Ẹ̀rọ kì í purọ́. Ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ ló ń purọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da ata sẹ́nu ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ tó gba ohùn tán. Tí mo bá tan án, á kọ́kọ́ máa kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹ ní sùúrù fún un. Tó bá ṣe díẹ̀, ohùn á gòkè, á dúró sójú kan. Ìgbà yẹn lẹ tó lè da tàtàṣé yín sí i. Tó bá sì ti gba ohùn tán báyìí, kódà kí ẹrù fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kánjú, ẹ̀rọ á ṣe "hùùn", á kú, omi ata á sì ta sí i lójú. Ìyàwó ilé mélòó kan ni mo ti fomi bọ́ ojú fún nítorí ìkánjú. Mi ò bẹ̀ wọ́n rí.

Mo sọ èyí ṣáájú torí ọ̀rọ̀ àpótí tí mo fẹ́ sọ, àti torí ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ló ka ìwé iná ní yunifásítì, òun náà ló ṣe àpótí ọ̀hún, ẹnu rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n báyìí láti ṣàwíjàre. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ìyá mi. Àyè tìrẹ ń bọ̀.

Ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn ló bí ọmọ obìnrin, ó wá kó mi láti Kùjẹ́ wá sí Festac, sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú kílóòsì, àdúgbò kékeré tí wọ́n ń gbé. Kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀. Ní Kùjẹ́, tí o bá sín, ẹni mẹ́rin á kí ọ. Ní kílóòsì wa, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù. Tí o bá sín, wọ́n á kọ́kọ́ ka ìwé ìròyìn wọn tán.

Ọmọ ọwọ́ yẹn ni ayé mi. Ọkọ mi ti lọ, ṣọ́ọ̀bù ti lọ, eyín mélòó kan náà sì ti tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, tí ọmọ yẹn bá fi gbogbo ọwọ́ rẹ̀ di ìka mi kan ṣoṣo mú, mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣì ń retí mi.

Lífù ìbímọ ìyá rẹ̀ parí, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Erékùṣù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ náà kọ mílíìkì agolo. A fún un ní oríṣi mẹ́ta. Ó tu ti àkọ́kọ́ sí mi láyà, ó tu èkejì sí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ jẹ́ kó kan ahọ́n. Omi ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, kí ìyá rẹ̀ tó jáde láàárọ̀, á fún omi ọmú sínú rọ́bà kéékèèké mẹ́rin, á kó o sínú fíríìjì. Tí ọmọ bá jí, màá gbé rọ́bà kan sínú omi gbígbóná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá dà á sínú fídà, ó parí.

Àmọ́ iná wa máa ń wá bí àlejò tó gbàgbé nǹkan: kò ní jókòó. Jẹnẹrétọ̀ ń bẹ, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń mú ọmọ náà húkọ́, ìyá rẹ̀ ní a ò gbọdọ̀ tan án mọ́. Bí omi ọmú ṣe bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kíní nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọbìnrin mi gbóòórùn rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì, ó sunkún. Ní ọjọ́ kejì ó gbé ìwé kan síwájú mi.

"Kí lèyí?"

"Fọ́ọ̀mù kirẹ́ṣì ni, Màámi. Wọn ò jìnnà síbí. Wọ́n ní fíríìjì, iná wọn kì í sì lọ."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan. Iná ló ń dà wá láàmú."

"Iná ni kí o gbé lọ sí kirẹ́ṣì nígbà náà."

Kò rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tó bá tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, màá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀." Ó ká fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì rẹ̀. Èmi tí mi ò mọ̀wé, mo mọ ohun tí ìwé yẹn ń wí.

Mo ní kí wọ́n bá mi pe ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọmọkùnrin mi àgbà. Mo ní, "Ìwọ tó o jẹ owó ilé ìwé bàbá rẹ, wá ṣe nǹkan sí ọ̀rọ̀ yìí." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi dé, pẹ̀lú bátìrì méjì, páńẹ́ẹ̀lì sólà kan, fíríìjì kékeré tó ń lo iná bátìrì, àti àpótí kan tí kò ju páálí bisikíìtì lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló jó àwọn ohun inú àpótí náà pọ̀.

Ó gbé bátìrì sí bákónì, torí ìyá ọmọ kò fẹ́ bátìrì nínú ilé. Ó gbé fíríìjì sí ẹ̀gbẹ́ kíṣìnì, àpótí wà lórí rẹ̀. Wáyà tó fi so bátìrì mọ́ àpótí gùn gba pálọ̀ kọjá, ó sì tín-ín-rín bí okùn bàtà. Mo wò ó. Mo ní, "Ṣé èyí tó?" Ó ní, "Màmá, ó tó." Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo béèrè.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Agbára bátìrì méjèèjì pọ̀ ju èyí tí fíríìjì lè mu lọ. Àpótí ló ń bù ú kù: ó ń ṣí iná, ó ń tì í, kíákíá débi tí ojú ò lè rí i, bí ẹni tó ń ṣí ẹ̀rọ omi tó tún ń tì í kí korobá má bàa kún àkúnya.

"Ohun méjì ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, Màmá. Àkọ́kọ́, tí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ àpótí bá kéré jù, á ti ara rẹ̀ pa. Kì í ṣiṣẹ́ lébi."

"Kí ló fi sàn jù mí lọ? Èmi ṣiṣẹ́ lébi fún ọgbọ̀n ọdún."

"Tí ebi bá ń pa á, ńṣe ló máa fà sí i, kí iye tí fíríìjì fẹ́ lè pé. Bí bátìrì ṣe ń kú lọ ni òun á máa fà á. Á pa bátìrì, á pa ara rẹ̀."

"Ó ti yé mi. A ní irú wọn nínú ẹbí."

"Ìkejì ni wáyà kékeré yìí. Kò gbé iná fún fíríìjì. Àṣẹ nìkan ló ń gbé: dìde, jókòó. Súìṣì yìí ló wà lẹ́nu rẹ̀."

Mo tẹ súìṣì. Iná pupa kékeré tàn lórí àpótí. Mo tún un tẹ̀, ó kú. Mo ní ó gbọ́ràn ju àwọn ọmọ mi lọ.

Ó wá so fíríìjì mọ́ àpótí, ó tẹ súìṣì láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Iná tàn. Fíríìjì ṣe "ùùn". Ká! Iná kú. Iná tún tàn. Ùùn. Ká! Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ká, ká, ká, bí adìyẹ tó ń ṣá àgbàdo nínú agolo.

Ọmọ ọmọ mi pa á, ó gbé mítà tó fi ń wọn agbára iná, ó lọ wọn bátìrì. "Bátìrì kún dẹ́nu, Màmá."

"Wo wáyà rẹ."

"Màmá, kì í ṣe wáyà. Súìṣì ni mo fura sí. Àṣẹ tó ń gbé ló ń já." Ó tú súìṣì kúrò, ó fi wáyà àṣẹ sílẹ̀ tó ń rọ̀ dirodiro lára àpótí, ó gbé báàgì, ó ní òun ń lọ sí ọjà Trade Fair lọ ra tuntun. "Wákàtí kan, Màmá. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹni tó bá ti wọ Trade Fair rí mọ bí wákàtí kan ibẹ̀ ṣe ń gùn tó.

Ìyá ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀ kùtù. Rọ́bà mẹ́rin wà nínú fíríìjì, lórí yìnyín díẹ̀ tí mo rà láti ìta. Ọmọ ń sùn. Mo ń ṣí fíríìjì, mo ń tì í, mo ń wo yìnyín bó ṣe ń di omi, mo sì ń wo fọ́ọ̀mù kirẹ́ṣì nínú ọkàn mi.

Ìgbà yẹn ni Dádì Ìsàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ìsàlẹ̀ wa gan-an ló ń gbé. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba títí tó fi fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń darí àdúrà kílóòsì wa lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá sọ pé "ẹ kú àárọ̀", ó dà bí ìkéde.

"Màmá Òkè, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló ń kàn ká-ká-ká lórí mi?"

Mo rò ó fún un, láti orí omi ọmú dé orí fọ́ọ̀mù. Ó gbọ́ tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi í sápò. Tó bá ti bọ́ gíláàsì, àdúrà kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Níbo ni àpótí náà wà?"

Mo fi hàn án. Ó fẹsẹ̀ jan ilẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sórí rẹ̀. "Ìwọ àpótí! Mo pàṣẹ fún ọ! Dìde!"

Iná pupa tàn.

Mo pe Jésù. Àyà Dádì fúnra rẹ̀ já, ó fò sẹ́yìn. Bó ṣe fò sẹ́yìn, iná kú. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. Ó tún na ọwọ́. Iná tàn. Ó fà á padà. Iná kú.

"Màmá Òkè," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹ̀yin náà rí i?"

"Mo rí i, Dádì. Ẹ dá ọwọ́ padà."

Ó dá a padà. Iná tàn, fíríìjì ṣe ùùn, ká! Ùùn, ká! Dádì gbóhùn sókè. "Ó ń jagun! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń jagun! Jọ̀wọ́ rẹ̀! Mo ní kó o jọ̀wọ́ rẹ̀!"

"Dádì, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀rọ."

"Màmá, àdúrà ni mò ń gbà!"

"Ẹ gbà á sínú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọwọ́ wà níbẹ̀."

Ó dákẹ́, àmọ́ ètè rẹ̀ ń lọ. Mo tẹ etí sílẹ̀. Ùùn, ká. Ùùn, ká. Mo mọ ohùn yẹn! Ohùn ẹ̀rọ ata mi ni, tí oníkánjú bá da rodo sí i láìtíì gba ohùn. Mo fọwọ́ kan wáyà tó gba pálọ̀ kọjá. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tí ibà fẹ́ mú.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Táńkì kún, ṣùgbọ́n ihò tí omi ń gbà kò tó nǹkan. Nígbà tí fíríìjì ò fa nǹkan, àpótí rí bátìrì ní kíkún, ó dìde. Bí fíríìjì bá ti gbé ẹrù, wáyà tín-ín-rín yẹn jẹ iná náà lójú ọ̀nà, ìwọ̀nba ló dé iwájú. Àpótí rí ìyàn, ó ti ara rẹ̀ pa, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bó ṣe tì í tán, kò sí ẹrù mọ́, bátìrì tún kún lójú rẹ̀, ó tún dìde. Àpótí ò ya aláìgbọràn. Òfin ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ló ń tẹ̀ lé: kò gbé ẹrù nígbà tí agbára ò tíì tó.

"Dádì, ẹ bá mi ti fíríìjì lọ sẹ́nu ọ̀nà bákónì."

"Ọwọ́ mi ńkọ́?"

"Ẹ gbé e tẹ̀ lé wa."

Báyìí la ṣe ti fíríìjì gba pálọ̀ kọjá: èmi lẹ́yìn, tí orúnkún mi ń ké, Dádì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fọwọ́ kan tì, tó na èkejì sórí àpótí bí ẹni tó ń fi èèyàn joyè. A dé ẹnu ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ yọ wáyà lórí bátìrì, torí àìmọ̀wé mi kò ní kí n má mọ ohun tó ń pani. Mo mú ọ̀bẹ ẹ̀fọ́, mo gé wáyà náà kúkúrú. Èyí tó ṣẹ́ kù, mo gé e ní ìwọ̀n kan náà, mo lọ́ ọ mọ́ ti àkọ́kọ́ kó lè nípọn. Pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Mo dá a padà sórí bátìrì.

"Dádì, ọwọ́."

Ó na ọwọ́. Iná tàn. Fíríìjì ṣe ùùn. Mo dúró de ká. Ká ò wá. Ùùùn. Ohùn náà gòkè, ó gòkè sí i, ó dúró sójú kan.

"Ó ti gba ohùn," mo ní, omi sì bọ́ lójú mi.

Dádì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ ijó ọpẹ́. Iná kú.

"Dádì! Ọwọ́!"

Ó sáré dá a padà. Fíríìjì tún gba ohùn. A wo ara wa. Ó yé àwa méjèèjì pé iṣẹ́ ti já lé e léjìká. Mo gbé àga fún un. Nígbà tí ọ̀tún rẹ ẹ́, ó fi òsì rọ́pò rẹ̀, tìṣọ́ratìṣọ́ra, bí ẹni tó ń gbé ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo po tíì, mo gé búrẹ́dì, ó ń fi ọwọ́ tó ṣófo jẹ ẹ́. Ọmọ jí, mo fi omi gbígbóná mú rọ́bà kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mu ún tán pátá, ó ń wo Dádì bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Fóònù Dádì dún nínú àpò rẹ̀. Mo bá a yọ ọ́, mo gbé e sí i létí. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ohùn tirẹ̀ náà kì í kéré, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Níbo lẹ wà? Oúnjẹ ti tutù."

"Mo wà lókè, lọ́dọ̀ Màmá."

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ láti òwúrọ̀?"

"Mo na ọwọ́ sórí fíríìjì."

"Ṣé ẹ lo oògùn yín lónìí?"

Ọjọ́ ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ kí ọmọ ọmọ mi tó dé láti wákàtí kan rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo fíríìjì níbi tí kò fi í sí. Ó wo Dádì, ó wo ọwọ́ Dádì. Ó wá fọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Mi ò so wáyà àṣẹ mọ́ ibì kankan!"

Ó ní wáyà tí a fi sílẹ̀ báyẹn, wọn ò ní kó dìde, wọn ò ní kó jókòó. Ohunkóhun tó bá ń kọjá ló máa pè ní àṣẹ. Ara èèyàn sì máa ń gbé iná kékeré káàkiri láìmọ̀.

"Ara mi," Dádì ní.

"Ara ẹnikẹ́ni ni, sà."

"Má sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Mo ní kí Dádì gbé ọwọ́ kúrò. Iná kú. Mo na tèmi, ọwọ́ alọta. Iná tàn. Dádì wo ibòmíràn.

Ọmọ ọmọ mi so súìṣì tuntun mọ́ wáyà náà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó ti tán, sà. Ẹ lè sinmi." Dádì ò gbà. Ìka kan ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà méjì, ó ń wo iná. Nígbà tó fà á kúrò tán tí fíríìjì ń bá a lọ, apá rẹ̀ ò lè wálẹ̀ mọ́. Róòbù la fi ra á fún un kó tó sọ̀kalẹ̀ lọ jẹ oúnjẹ tútù.

Ó ku èmi àti onímọ̀ ẹ̀rọ.

"Màmá, ẹ gé wáyà mi."

"Mo gé e."

"Kí lẹ fi gé e?"

"Ọ̀bẹ ẹ̀fọ́."

Ó gbé mítà, ó wọn ìdí àpótí nígbà tí fíríìjì ń ṣiṣẹ́. Ó wọn wáyà tó ṣẹ́ kù. Ó gbé mítà sílẹ̀. "Ó tọ́, Màmá."

"Ẹni tó ń sùn lo wọn láàárọ̀. Gbé ẹrù lé e lórí kó o tó bi í bóyá ó lágbára." Wò ó bó ṣe dorí kodò tó ń kọ ọ́. Ó ti fi wáyà tó nípọn rọ́pò tèmi báyìí, ṣùgbọ́n kò gùn ju tèmi lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Dádì jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ̀rọ̀ àpótí, ó sọ̀rọ̀ ọwọ́, ó sọ̀rọ̀ ogun. Kò mẹ́nu ba wáyà, kò mẹ́nu ba ọ̀bẹ. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ó fọwọ́ ṣiṣẹ́ jù mí lọ lọ́jọ́ yẹn.

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a tún àpótí ṣe ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. Ọmọbìnrin mi dé láti ibi iṣẹ́, ó bá fíríìjì tó dí ẹnu ọ̀nà bákónì níbi tó ń gbà lọ sá aṣọ. Ó la ẹnu láti bínú. Ó wá ṣí fíríìjì. Ó mú rọ́bà kan, ó fi í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó tọ́ ọ wò. Èmi gbé ọmọ mọ́ra, mo ń wo báàgì rẹ̀.

Ó ti ilẹ̀kùn fíríìjì padà. Ẹsẹ̀ fíríìjì náà kan kò kanlẹ̀ dáadáa lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó ń gbọ̀n gìrìgìrì mọ́ ògiri. Ọmọbìnrin mi ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ fọ́ọ̀mù kirẹ́ṣì, ó ká a sí mẹ́rin, ó kúnlẹ̀, ó sì tì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ fíríìjì náà.

Gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró.

"Màámi," ó ní, ó ń gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀, "ẹ gbé ọmọ wá kó wá mu ọmú. Kí lẹ jẹ lónìí?"